Bí Wọ́n Ṣe Bá Bàbá Haneefah Tọrọ Ọmọ Ajá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ajá rírà kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ẹ ní kó wá sí Ìwó kó béèrè Bàbá Haneefah. Ojú ọ̀nà Olúpọ̀nnà ni ilé rẹ̀ wà, ilé aláwọ̀ ewé kan báyìí tí kànga mẹ́ta wà nínú ọgbà rẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ni ènìyàn kan ṣoṣo ń fi kànga mẹ́ta ṣe. Kànga gbígbẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ló fi gbẹ́ kànga ní Ìwó, ní Kuta, ní Olúpọ̀nnà, débi pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ilẹ̀ ara rẹ̀ ló ń gbẹ́. Badrudeen Àmúdà ni orúkọ tó wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí ni gbogbo ayé fi ń pè é.

Ọdún kẹrin rèé tí Àjíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti jáde láyé. Nígbà tí Àjíkẹ́ wà, ilé náà kì í dá. Èrò ń wọlé, èrò ń jáde, Bàbá Haneefah sì gbà pé òun ni wọ́n ń wá kí. Ìgbà tí wọ́n ṣe àdúà ogójì ọjọ́ tán, tí wọ́n kó àga tí wọ́n yá lọ, ló tó yé e pé Àjíkẹ́ ni wọ́n ń wá kí, òun kàn máa ń jókòó sáàárín wọn ni. Láti ọjọ́ náà, bó bá jí, á kírun, á fa omi, á wò yíká bóyá ẹnìkan á mu ún, á sì dà á padà sínú kànga. Ó ní kí omi má baà sùn jù ni.

Oṣù kejì ọdún yìí ló yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ẹ̀gbẹ́ sì dùn ún débi pé kò lè dìde. Ó pe orúkọ Ọlọ́run, ó pe orúkọ Àjíkẹ́, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n ti ń pe ìrun Alásárì kí ọkùnrin kan tó wá yá okùn tó bá a nílẹ̀ níbẹ̀. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ọkùnrin náà kọ́kọ́ béèrè ibi tí okùn wà kó tó gbé e dìde.

Egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dé etí Haneefah tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. Ó wọ mọ́tò wá, ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún lórí ìkúnlẹ̀ náà. Nígbà tó nu ojú tán, ó dìde, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

"Bàbá, mi ò ní wá bá yín lókùú ní balùwẹ̀. Bí Iléyá bá dé tí kò sí nǹkan kan nínú ilé yìí tó lè pariwo bí ẹ bá ṣubú, ẹ ó bá mi lọ sí Ìbàdàn, màá ti ilé yìí pa."

Bàbá Haneefah mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ilé Haneefah wà ní àjà kẹta pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ti sun ibẹ̀ rí ní ọjọ́ méjì, ó ní bí òun bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, orí ẹlòmíràn ni òun ń tẹ̀. Ẹni tó fi ogójì ọdún wọ inú ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sókè bí ẹran tí wọ́n ń yan yìí? Ìwó ló fẹ́ kú sí, nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, nítòsí ibi tí wọ́n sin Àjíkẹ́ sí. Kò tọrọ jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó kọ́kọ́ gba ayálégbé kan. Ọdẹ ni ayálégbé náà, òru ló fi ń ṣọ́ ilé onílé, ọ̀sán ló fi ń sùn, ó sì ń han-run débi pé bí Bàbá Haneefah bá ṣubú, àfi kó rìn lọ jí i kó tó lè pariwo. Ìyẹn jáde. Ló bá ronú kan ajá.

Ó ra ọ̀kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó kó ọmọ ajá sínú páálí lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkùnrin náà búra pé ojúlówó ajá Jámánì ni, ó sì fi ẹ̀yìn dúdú rẹ̀ hàn án. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ẹ̀yìn dúdú ṣàn lọ sínú gọ́tà. Pólíìṣì bàtà ni. Ìyẹn kò tilẹ̀ dun Bàbá Haneefah. Èyí tó dùn ún ni pé kò pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ajá náà fi kú. Kò gba abẹ́rẹ́ kankan, wọ́n sì ti já a lẹ́nu ọmú kó tó tó àsìkò. Ó gbẹ́ kòtò láti sin ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò mọ kòtò kékeré. Kó tó mọ̀, ilẹ̀ ti dé ọrùn rẹ̀, ó sì ní láti pe ẹni tó ń kọjá lọ kó wá fà á jáde.

Haneefah gbọ́ lórí fóònù, ó fẹ́ ya wèrè. Ó ní ajá tí kò ní ìwé abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ilé yẹn mọ́, torí òun ti rí ẹni tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ní wọ́ọ̀dù àwọn, òun kò sì fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́ títí òun á fi kú. Ó béèrè káàkiri títí tó fi rí obìnrin kan nínú Ìwó níbẹ̀, ẹni tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ajá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí bàbá òun lọ, òun á sanwó rẹ̀. Owó náà kò kéré, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Wùmí Fọládé lorúkọ obìnrin náà. Ìyá Alájá ni àdúgbò ń pè é. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó lẹ́kọ̀ọ́ dáadáa, bó bá sì ń bá àgbà sọ̀rọ̀, orí ìkúnlẹ̀ ló máa ń wà. Ẹ má jẹ́ kí ìkúnlẹ̀ yẹn tàn yín. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló ti ń bá ènìyàn ṣe ẹjọ́.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ajá ṣe?"

"Kó máa gbó."

"Bí kò bá sí ohun tó máa gbó sí ńkọ́?"

Bàbá Haneefah rò ó síwá sẹ́yìn. "Kó máa jókòó."

Ó rò pé wọn á ní kí òun mú èyí tó wu òun. Ìyá Alájá kò tilẹ̀ mú un dé ibi tí àwọn ọmọ wà. Ìyá wọn ló kọ́kọ́ fi hàn án, ajá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Mádáàmù. Ó ní ẹni tó bá ra ọmọ ajá láìrí ìyá rẹ̀, wàhálà ló rà. Ó kó ìwé bàbá wọn jáde, Sájẹ́ńtì, àti ìwé àwọn bàbá bàbá wọn títí dé ìran karùn-ún. Bàbá Haneefah, tí kò mọ orúkọ bàbá bàbá bàbá tirẹ̀, kàn ń mi orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dé ibi tí àwọn ọmọ wà, méje, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọn kò sì ní kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn àfi bí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọ̀kan nínú wọn, abo tí etí rẹ̀ kan dúró tí èkejì dùbúlẹ̀, wọ́ wá sùn lé e lẹ́sẹ̀. Bàbá Haneefah kò mi ẹsẹ̀ náà títí ẹsẹ̀ ọ̀hún fi kú tán pátápátá, ìgbà tó sì fẹ́ dìde, Ìyá Alájá ló dì í mú.

"Èyí ni," Bàbá Haneefah wí.

"Ẹ rọra, Bàbá. Mi ò tíì ní màá fún yín." Ó gbé fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́rin lé e lọ́wọ́. "Ẹ kọ orúkọ ènìyàn mẹ́ta tó mọ̀ yín sí i. Mo ní láti wádìí yín."

Ìwádìí! Ọ̀rọ̀ yìí ni Bàbá Haneefah gbé délé ẹbí rẹ̀, agbo-ilé Àmúdà, níbi tí Ààfáà Abdulfatah ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jẹ́ mọ́gàjí. Abdulfatah kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sílẹ̀: ajá tó ń ṣọ́ ilé kò burú, ṣùgbọ́n kó má wọ ibi tí wọ́n ti ń kírun, kí àwo rẹ̀ dá wà, bí itọ́ rẹ̀ bá sì kan nǹkan, kí wọ́n fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ. Ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀rọ̀ ìwádìí ló gba ọ̀sán.

"Ta ló fẹ́ wádìí ọmọ Àmúdà?" ó béèrè. "Kò burú. Ẹni tó ń wádìí wa, àwa náà á wádìí tirẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ṣé inú ìran tí a kò mọ̀ la ó ti mú ajá wọlé?"

Ènìyàn mẹ́ta tí Bàbá Haneefah kọ orúkọ wọn náà ló gbéra lọ sọ́dọ̀ Ìyá Alájá lọ́jọ́ kejì. Abdulfatah wọ agbádá. Nusirat, ìyàwó ilé tó ń ta gààrí, wé gèlè. Hussain, ọmọ àbúrò Bàbá Haneefah tó ń gun ọ̀kadà, ló gbé àwọn méjèèjì, agbádá ń fẹ́ lẹ́yìn wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, Abdulfatah sì wú ikọ́.

"Ǹjẹ́ wèrè wà nínú ìran wọn?"

"Kò sí, Bàbá." Ìyá Alájá mú ìwé kan jáde.

"Wárápá ńkọ́?"

"Kò sí, Bàbá. Dókítà ẹranko ló fọwọ́ sí i." Ó mú òmíràn jáde.

"Olè jíjà?" Nusirat ló béèrè ìyẹn.

Ìyá Alájá kó ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mádáàmù jí itan ẹran Iléyá kan rí, ní ilé kejì. Mo san án padà."

Nusirat wo Abdulfatah. Abdulfatah ní ìyẹn kì í ṣe ti ìran, ebi ni. Ìyá Alájá kò dúró síbẹ̀. Ó ní bàbá bàbá wọn ní àìsàn egungun ìbàdí, bí wọ́n ṣe rí i nínú fọ́tò egungun tí wọ́n yà fún un, wọn kò jẹ́ kó bímọ mọ́, gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e ni wọ́n sì ti yẹ̀ wò láti ìgbà náà.

"Ẹ dá a dúró?" Abdulfatah béèrè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"A dá a dúró, Bàbá. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dára, ẹ jẹ́ kó pin síbẹ̀."

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, Abdulfatah ń mi orí lórí ọ̀kadà. Ó ní àwọn ìdílé ńlá kan wà nínú ìlú yìí tí wọn kò lè sọ irú òótọ́ yẹn nípa bàbá wọn. Ó ní kí wọ́n gba ọmọ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Alájá wá sí agbo-ilé Àmúdà pẹ̀lú ìwé àti bíírò, láti ṣe ìwádìí tirẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Bí wọ́n bá wá wádìí ọmọ ẹni, a kì í tú àṣírí rẹ̀, ńṣe là ń fi ìyẹ́ kún ìyẹ́ fún un. Ọmọ Ìwó, ọmọ odíderẹ́ sì ni wọ́n, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n wọn lẹ́nu.

"Ǹjẹ́ Bàbá máa ń wà nílé?" Ìyá Alájá béèrè lórí ìkúnlẹ̀.

"Ilé kẹ̀?" ni Nusirat wí. "Ṣé ènìyàn ńlá máa ń gbélé ni? Bí wọn kò bá sí ní Kánò, ẹ lọ wò wọ́n l'Ékòó."

"Èmi ni mo máa ń gbé wọn lọ sí ibùdókọ̀ òfuurufú," ni Hussain sọ. "Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́dún yìí."

"Lórí ọ̀kadà?"

"Wọ́n fẹ́ràn afẹ́fẹ́."

"Mẹ́kà, ẹ̀ẹ̀mẹta," Abdulfatah fi kún un. "Ogún ènìyàn ló sì ń jẹun nílé rẹ̀ lójúmọ́. Ariwo ibẹ̀ kò jẹ́ kí ará àdúgbò sùn."

"Ṣé wọ́n ti sin ajá rí?"

"Mẹ́jọ," ni Hussain dá a lóhùn kíá.

"Ibo ni wọ́n wà báyìí?"

Hussain kò rò ó tẹ́lẹ̀. Nusirat ló gbà á sílẹ̀. Ó ní Bàbá Haneefah ti fi gbogbo wọn ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ, torí ọ̀làwọ́ ni, kò sí ohun tó ní tí kò lè fi tọrẹ. Ìyá Alájá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó dìde. Àwọn mẹ́ta náà bọ ara wọn lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó ni wọ́n ń fẹ́ fún Bàbá Haneefah, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọn ì bá gbé e wá.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Alájá dé ilé Bàbá Haneefah. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè fún yín lọ́mọ."

Ó ka ohun tó kọ sílẹ̀ fún un: Kánò, Èkó, ibùdókọ̀ òfuurufú, ogún ènìyàn, ajá mẹ́jọ. Bàbá Haneefah ń gbọ́ ìtàn ayé ara rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ti ọba ìlú mìíràn. Ó ní irọ́ ni. Ó ní òun kò kọjá Kuta láti ìgbà òjò èṣí. Ìyá Alájá nawọ́ sí ilẹ̀ tó kúnlẹ̀ lé.

"Bàbá, ẹ wo koríko ẹnu ọ̀nà yín. Ó ti dé mi ní itan. Ẹni tó ń gbélé kì í ní koríko lẹ́nu ọ̀nà."

Bàbá Haneefah nìkan ló ń rin ọ̀nà yẹn, ẹsẹ̀ ẹnìkan kò sì lè pa koríko. Ó bẹ̀ ẹ́. Ìyá Alájá ní òun kò lè gba ẹnu ẹni tó fẹ́ ajá gbọ́. Àfi kí àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ fẹsẹ̀ ara wọn wá yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Kí ó sì yá, torí ọ̀pọ̀ ló ń tọrọ ọmọ tí etí rẹ̀ kan dùbúlẹ̀ yẹn. Iléyá ku oṣù kan ó lé ọjọ́ díẹ̀.

Inú bí Bàbá Haneefah débi pé ẹsẹ̀ ló fi rìn dé agbo-ilé, kò dúró de kẹ̀kẹ́. Ó bá àwọn mẹ́ta náà lábẹ́ òrùlé Abdulfatah, wọ́n ń retí ọpẹ́.

"Ẹ lọ sọ òótọ́ fún obìnrin yẹn."

"Òótọ́ wo?" ni Abdulfatah béèrè.

"Pé mo dá wà."

Òun alára kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu ara rẹ̀ rí, ó sì bà á lẹ́rù. Ó tún un sọ. "Ẹ sọ fún un pé mo dá wà. Pé mo wà nílẹ̀ ní balùwẹ̀ láti Àsùbáà dé Alásárì. Pé kò sẹ́ni tó wá sílé mi láti ìgbà tí ẹ ti jẹ sàráà Àjíkẹ́ tán."

"Háà, Bàbá Haneefah," ni Nusirat wí, "èmi wá ní Iléyá."

"Iléyá wo?"

"Èyí tí ẹ se àsáró aláta yẹn."

"Àjíkẹ́ ló se é."

Nusirat fi etí gèlè rẹ̀ bo ẹnu. Hussain bẹ̀rẹ̀ sí í wo táyà ọ̀kadà rẹ̀. Abdulfatah ń ka tẹ̀sùbáà kánkán, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò mira. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé gbé síta. Ó ní ìdílé tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àgbà òun kò rí ẹni bá a jẹun, ìdílé náà ti bọ́ra sí ìhòòhò lójú ọjà.

"Ìtìjú ni, Badrudeen."

"Ìtìjú ni, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ti ṣe é tán, sísọ rẹ̀ ló kù." Omi lé ròrò sí i lójú, kò sì nù ún. "Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ wá dágbére fún mi. Haneefah ń gbé mi lọ sí Ìbàdàn."

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ìyá Alájá nìkan ló ń ra òtítọ́ ní gbogbo Ìwó lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n padà lọ bá a, ọ̀kadà kan náà, agbádá kan náà. Abdulfatah ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Hussain ló bẹ̀rẹ̀, ó ní òun kò gbé Bàbá Haneefah lọ sí ibùdókọ̀ òfuurufú rí, òun kì í tilẹ̀ gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, òun máa ń fun fèrè fún un bí òun bá ń kọjá ni. Ìyá Alájá kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ó ṣeun, ìyẹn dára gan-an fún fọ́ọ̀mù. Bí Nusirat ṣe rí i pé wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ já lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi, ọdún mẹ́rin. Mo sì ń gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ sí ọjà."

"Èmi máa ń rí i ní ìrun Jímọ̀ọ̀," ni Abdulfatah wí. "Bí mo bá rí i pé ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, mo máa ń na àdúà mi sí i."

"Fóònù ńkọ́?" Ìyá Alájá béèrè.

"Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta," ni Hussain wí. "Mo rò pé owó ló fẹ́ yá."

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà," ni Nusirat wí, kò sì fẹ́ kí tirẹ̀ kéré, "tèmi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin."

Bàbá Haneefah, tó fi kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wọn wá, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ́. Kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun rẹ́rìn-ín, torí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń burú sí i ni ojú Ìyá Alájá ń mọ́lẹ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n parí, ó kà á lórí ìwé, ó ní nínú gbogbo àwọn tó ti wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òun, kò sí ẹni tó yege tó báyìí. Ẹni tó máa wà nílé látàárọ̀ dalẹ́, tí kò ní ibi tó ń lọ, tí kò ní ẹni tó ń dà á láàmú, irú ẹni tí ọmọ ajá ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ó fún un lọ́mọ.

Ìwé ló kù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, wọ́n padà wá fọwọ́ sí i. Ìyá Alájá kà á síta. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn wà níbẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ tà á, wọn kò gbọdọ̀ fi tọrẹ. Bó bá sú wọn, ọ̀dọ̀ òun ni kí wọ́n dá a padà sí. Ó sì wá kan èyí tó gbẹ̀yìn: ọmọ náà kò gbọdọ̀ dá wà ju wákàtí mẹ́rin lọ.

"Bí mo bá lọ kí Jímọ̀ọ̀ tí mo sì gba ọjà kọjá ńkọ́?" Bàbá Haneefah béèrè.

"Kí ẹnìkan nínú ẹbí wá jókòó tì í, Bàbá. Ọmọ tó bá ń dá wà, ọkàn rẹ̀ máa ń rẹ̀wẹ̀sì. Kò ní jẹun. Mọ́gàjí ló máa ṣe onídùúró. Bí mo bá wá lójijì tí mo bá a ní òun nìkan, màá gba ọmọ mi padà."

Abdulfatah di ojú. Kí wọ́n wá gba ọmọ padà nílé Àmúdà, kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ wá síbẹ̀ kò padà sílé bàbá rẹ̀ rí. Ó tẹ ìka, ó sì yí ojú sí Nusirat àti Hussain. Kó tó di pé wọ́n dé ilé, wọ́n ti pín ọjọ́ láàárín ara wọn, wọ́n kọ ọ́ sórí páálí, wọ́n fi ìṣó kan páálí náà mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Haneefah.

Bàbá Haneefah ló sọ ajá lórúkọ. Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ sójú ẹbí, ajá ló máa ń fi sọ ọ́. Ẹ-kú-ọjọ́-mẹ́ta ló pè é. Ẹnikẹ́ni tó bá dé ẹnu géètì, àfi kó pe ajá náà kó má baà gbó mọ́ ọn, orúkọ náà ni yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ pè. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Abdulfatah pè é, ó dúró ní géètì fúngbà díẹ̀ kó tó wọlé.

Ẹ̀rù Ìyá Alájá ló ń mú wọn wá, ẹ jẹ́ ká má purọ́. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, Nusirat rí i pé òun kò lè máa wo ajá lásán, ó gbé ẹ̀wà wá ṣà. Ẹ̀wà tí wọ́n ṣà, wọ́n ní láti sè é. Èyí tí wọ́n sè, wọn kò lè jẹ ẹ́ níṣojú onílé kí wọ́n má bù fún un. Hussain gbé ọpọ́n ayò wá. Abdulfatah ní ajá náà gbọ́dọ̀ mọ ohùn òun, torí náà ó ń jókòó sọ ìtàn ìgbà èwe wọn fún un láti Àlàmísì dé Jímọ̀ọ̀, Bàbá Haneefah sì ń tún un ṣe níbi tó bá ti purọ́. Koríko ẹnu ọ̀nà kú.

Ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la ni Haneefah dé láti Ìbàdàn. Ó ti kó gbogbo ohun tó wà nínú bùútù mọ́tò rẹ̀ dànù kí ẹrù bàbá rẹ̀ lè gbà. Kò tilẹ̀ tíì pa mọ́tò tó fi gbọ́ ariwo. Nusirat wà nídìí iná. Hussain àti Bàbá Haneefah ń jiyàn lórí ayò. Abdulfatah na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ọmọ ajá náà sì sùn sí ibi tí òòrùn dé, àwo rẹ̀ ní ọ̀tọ̀, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Haneefah kúnlẹ̀ kí wọn yíká. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó bi í ní jẹ́jẹ́ pé kí ni gbogbo wọn ń ṣe níbẹ̀.

"Ajá ni wọ́n wá bá jókòó," Bàbá Haneefah wí. "Kò gbọdọ̀ dá wà ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ó wà nínú ìwé, ẹ̀gbọ́n mi ló tẹ ìka sí i."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?"

"Èmi?" Ó mú ọmọ ayò kan, ó wò ó. "Ìwé tèmi kò sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wá bá ajá jókòó, wọ́n máa ń bá mi níbẹ̀."

Haneefah dìde, ó lọ dúró níwájú páálí tó wà lára ògiri, ó ka orúkọ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, títí dé ìparí ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wọn, wọn kò rí ojú rẹ̀. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n fún òun ní bíírò, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ọjọ́ Sátidé.